Ọ̀pá Ìpẹja Tó Rọ̀ Lórí

"Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí," ni Yàkúbù wí bí ó ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà Lùkúmọ̀n. "Bí mo bá gbé e lọ sí Mẹ́kà, ó wúwo ju báàgì mi lọ."

Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí ó wọ bàálù. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń lọ sí Hàájì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni gbogbo tó bá ti ṣẹ̀. Láti àárọ̀ ni Yàkúbù ti ń yí Ìsàlẹ̀ Èkó ká. Iṣẹ́ náà ò le rárá. Á ní, "Ẹ forí jì mí o," wọ́n á ní, "A ti forí jì yín, ẹ bá wa gbàdúà lọ́hùn-ún," wọ́n á sì ṣí mínírà fún un. Agboolé mẹ́sàn-án ló ti dé, inú rẹ̀ ti kún fún mínírà. Èyí tó le nínú wọn ló fi kẹ́yìn.

Onígbàjámọ̀ ni Lùkúmọ̀n, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Ìga Ìdúnganran. Ilé kéwú kan náà ni òun àti Yàkúbù lọ, pàṣán kan náà ló sì nà wọ́n. Orí bẹ́ǹṣì ló wà, Àlímọ̀t ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo ti forí jì ẹ́," ni Lùkúmọ̀n wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Jókòó, kí wọ́n fún ẹ ní mínírà."

"Má tíì forí jì mí. O ò tíì gbọ́ nǹkan tí mo ṣe."

"Kí lo ṣe? Ṣé o jí adìyẹ mi ni?"

"Ó burú ju adìyẹ lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá ìpẹja ni."

Àlímọ̀t dáwọ́ ẹ̀wà ṣíṣà dúró. Ó ní, "Bàbá Hussainat, ẹ jókòó kí ẹ tó sọ ọ́."

Yàkúbù kò jókòó. Ohun tó fẹ́ sọ ti lé lọ́dún mẹ́jọ. Òun ló ń ta ìwọ̀, okùn àti ọ̀pá ìpẹja ní Lafiaji, Lùkúmọ̀n sì wá bá a lọ́jọ́ kan pé òun náà fẹ́ máa bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi Sámúẹ́lì lọ pẹja lẹ́nu òkun. Ó ní, "Èmi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ìwọ ni kí o bá mi yan ọ̀pá." Ọ̀pá méjì ló kù ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.

Bí wọ́n ṣe ń pẹja níbẹ̀ nìyí: Sámúẹ́lì á sọ ìdákọ̀ró, ọkọ̀ á dúró sójú kan. Wọn kì í ju ìwọ̀ sábẹ́ ọkọ̀, nítorí ariwo ibẹ̀ ń lé ẹja. Apá ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ ni wọ́n ń jù ú sí, kó jìnnà dáadáa. Òjé tó wà lẹ́nu okùn ní ìka wáyà, ìka yẹn ló ń di iyanrìn mú nísàlẹ̀. Ìgbì á máa gbé ọkọ̀ sókè, á máa gbé e sódò. Bí ọ̀pá bá gùn, tó rọ̀ lórí, tó le nídìí, orí rẹ̀ á máa tẹ̀ bá ìgbì lọ, òjé ò sì ní kúrò níbi tó wà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá bá le gbandi látòkè délẹ̀, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá gbéra ló máa ń fa òjé tu. Yàkúbù mọ èyí bí ó ti mọ Fàtíhà.

"Mo sọ fún ẹ pé èyí tó rọ̀ yẹn, ọ̀pá ọmọdé ni," ni ó wí. "Mo ní ẹja ńlá á kán an bí igi ìṣáná. Irọ́ gbuu ni. Òun ni ọ̀pá tó dáa. Ojúkòkòrò ló mú mi, èmi ni mo fẹ́ lò ó. Mo wá di èyí tó le gbandi lé ẹ lọ́wọ́, mo tún ní kí o dúpẹ́."

"Mo sì dúpẹ́," ni Lùkúmọ̀n wí.

"O dúpẹ́ gan-an. Nígbà tí òjé rẹ ń tu káàkiri, tí o ò mú ẹja kankan, ta ló sọ ẹ́ ní Òjéńwẹ̀?"

"Sámúẹ́lì ni."

"Èmi ni. Sámúẹ́lì kàn gbà á lẹ́nu mi ni."

Àlímọ̀t fi etí gèlè bo ẹnu. Ẹ̀rín ló ń pa á, ṣùgbọ́n ó rí i pé ojú Yàkúbù ti pọ́n, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ìyẹn gan-an kọ́ ló mú mi wá," ni Yàkúbù wí. "Ṣé o rántí ọjọ́ tí o gbé ọ̀pá yẹn padà wá? O ní bóyá ọ̀pá ló ní àìsàn. Mo wò ẹ́ lójú báyìí, mo ní ọ̀pá ò ṣe nǹkan kan. Mo ní ọwọ́ ẹ ló ń gbọ̀n, pé ọjọ́ orí ti dé."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ ohun tó tẹ̀lé e. Ọgbọ̀n ọdún ni Lùkúmọ̀n fi ń fá orí ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kò sì gé ọmọ kankan lára rí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ká abẹ rẹ̀ sínú aṣọ, mọ́ṣíìnì nìkan ló kù tó fi ń gẹ irun àgbàlagbà. Ó ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kò gbọdọ̀ mú abẹ sún mọ́ orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ara rẹ̀ dá ṣáṣá, Lùkúmọ̀n ní dókítà náà ò mọṣẹ́.

"Mo rò pé o máa bú mi ni," ni Yàkúbù wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Mo rò pé o máa lọ ra òmíràn níbòmíràn. Mi ò mọ̀ pé o máa gbà mí gbọ́. Nígbà tí Hussainat ọmọ mi bímọ, ẹlòmíràn la pè, ó fi abẹ ya ọmọ náà lẹ́bàá etí. Mo mọ ẹni tó dá àpá yẹn sí i, èmi ni. Mo ti ń fẹ́ sọ ọ́ láti ìgbà náà, ojú ń tì mí."

Lùkúmọ̀n dìde, ó wọ yàrá. Nígbà tó jáde, aṣọ kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, abẹ sì ń kọ mọ̀nà nínú rẹ̀.

"Jókòó," ni ó wí.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Irun orí ẹ, Mẹ́kà ni wọ́n ti máa fá a, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìn ọrùn ẹ ni mo fẹ́ tún ṣe. O ò lè gbé igbó báyìí dé iwájú Káábà."

Yàkúbù jókòó, ó tẹrí ba. Abẹ náà tutù. Ó ń rìn lọ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, kò yẹ̀, kò kọsẹ̀.

"Dúró jẹ́ẹ́," ni Lùkúmọ̀n wí. "Nínú àwa méjèèjì, ta ló ń gbọ̀n?"

"Èmi ni."

"Sọ ọ́ sókè, kí ìyàwó mi gbọ́."

"Èmi Yàkúbù ni mò ń gbọ̀n, ọwọ́ Lùkúmọ̀n ò gbọ̀n rí."

Ẹ̀rín tí Àlímọ̀t ti gbé mì tẹ́lẹ̀ tú jáde, ẹ̀wà dà sílẹ̀, kò sì bìkítà. Lùkúmọ̀n náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé abẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ó yá, mo forí jì ẹ́. Ti tẹ́lẹ̀ yẹn, ti mínírà ni."

Yàkúbù jáde lọ mú ohun tó fi ti ògiri nígbà tó ń bọ̀. Ọ̀pá tó rọ̀ lórí náà ni. Lùkúmọ̀n di ìdí rẹ̀ mú, ó mì ín, orí rẹ̀ tẹ̀, ó sì tún nà padà. Ó mì ín títí, bí ọmọdé.

"Bí o bá dé Árafà, má wulẹ̀ bá mi tọrọ ẹja," ni ó wí. "Ọ̀pá ti dé. Oyún Hussainat yìí, oṣù mélòó ni?"

"Ó ti pé méje."

"Sọ fún wọn kí wọ́n má pe onígbàjámọ̀ mìíràn," ni Lùkúmọ̀n wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n abẹ rẹ̀.