Èmi Ni Dókítà Bi Léèrè

Dúró ná, Dáwódù, má tíì ṣíná mọ́tò. Èmi ni dókítà bi léèrè, àbí ìwọ ni? Ó kọjú sí mi, ó ní, “Màmá, ṣé èémí yín kì í há tẹ́ ẹ bá gun àtẹ̀gùn?” Kí n tó la ẹnu, o ti gbà á lẹ́nu mi: “Rárá o, dókítà, ara ìyá mi le koko!” O tún ń rẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, àtúnṣe ọkàn mi ò tíì di kánjúkánjú, ká padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀! Ta ló bá mi fọwọ́ sọ̀yà pé mo máa rí i?

Inú ò bí mi. Ì bá dáa kínú bí mi. Ara mi ti kú sí i ni.

Òótọ́ lo kúkú sọ, èémí mi kì í há lórí àtẹ̀gùn. Ìgbà wo lo rí mi lórí àtẹ̀gùn gbẹ̀yìn? Ta ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá sísàlẹ̀? Ṣebí ìwọ náà ni! Mo ní afẹ́fẹ́ ẹnu ọ̀nà ló wù mí, o sì gbà. Èmi tí mo máa ń fi orin gun òkè tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìdì aṣọ lórí! Mò ń sùn lórí àga, o ní ìyá mi fẹ́ràn àga yẹn. Mo dìde, ojú mi ṣú, mo di tábìlì mú, o ní kí ni mò ń wá.

Ilẹ̀kùn inú ọkàn mi ti gan, kò ṣí dáadáa mọ́, ṣebí dókítà náà fi hàn wá lójú ẹ̀rọ. Ó ní àwọn ò ní la àyà mi, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ làwọn á tì gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ itan lọ sókè, ilẹ̀kùn tuntun á sì ṣí sínú ògbólógbòó. O ò rí i bí mo ṣe na ọrùn? Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti wù mí gbọ́ kẹ́yìn. Àfi kó o lanu, kó o ní ara mi le!

Ẹ̀rù ló ń bà ọ́, mo mọ̀. O rò pé bó o bá ti ní ara mi le, ó ti le náà nìyẹn. Ẹnu kì í wo ọkàn sàn, ọmọ mi.

Yọ kọ́kọ́rọ́ yẹn. Dókítà ò tíì lọ sílé. Ẹ̀rọ agbéniròkè lo fi gbé mi lọ lẹ́ẹ̀kan. Àtẹ̀gùn la máa gùn báyìí. Tẹ̀lé mi lẹ́yìn, má sọ̀rọ̀, ṣáà máa wò mí. Ibi tí mo bá ti dúró, ibẹ̀ ni kó o ti lọ pè é wá.

Tó bá dé, báàgì mi ni kó o dì mú. Ìyá ẹ lẹ́nu.