Omi Tí Kò Hó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, Faransé sì ni wọ́n fi kọ́ wa. Yorùbá tí mò ń kọ yìí, bàbá mi ló kọ́ mi nílé. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti ń jẹ mí nínú láti bí ọdún méjì, mo sì fẹ́ sọ ọ́.

Iṣẹ́ ìnulẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nílé ìwòsàn kan níbí ní Wagadugu. Dókítà ló wà lókè, májọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e, àwọn nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé májọ̀, àwa tí à ń nulẹ̀ ló kẹ́yìn. Ẹni tó ń nulẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, Ìyá Ràfíátù, ọmọ Nàgó, Yorùbá bíi tèmi, láti apá Kétu ní Bẹ̀nẹ̀. Ó fà mí mọ́ra. Ó máa ń sọ pé, "O ò ní fi ìnulẹ̀ darúgbó." Ó kọ́ mi bí a ṣe ń di egbò. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń se abẹ́rẹ́ lórí iná èédú kó tó kan ara ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, ó fi sísè rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Kò sọ fún májọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ìyá tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pọ̀. Èédú mi tán kí omi tó hó. Mo lọ bá bàbá tó ń pín èédú. Mòóré, èdè wọn níbí, kò dán lẹ́nu mi, mo sọ ọ̀rọ̀ náà sódì, òun àtàwọn tó jókòó tì í sì bú sẹ́rìn-ín.

"Kàmárádì Nàgó, ẹ tún fẹ́ èédú? Ṣé ẹran lẹ̀ ń sun fáwọn aláìsàn ni?"

Ojú tì mí. Mo padà lọ́wọ́ òfo. Ìyá Ràfíátù sì pè mí láti inú yàrá.

"Ọmọ mi, ṣé ó ti hó?"

"Ó ti hó, Ìyá."

Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Iná ti kú. Ó yọjú wo ìkòkò, ooru ṣì ń rú lára rẹ̀. Ó gbà mí gbọ́, ó kó àwọn abẹ́rẹ́ lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn ìyá yẹn ń gbé ọmọ padà wá. Apá àwọn ọmọ ti wú, ó ń ṣe ọyún. Ọmọ kan wà ní àdúgbò Hamdalaye tí apá rẹ̀ kò nà mọ́ títí dòní.

Kọmíté ìyípadà tí ìjọba tuntun dá sílẹ̀ ti wà ní gbogbo ibi iṣẹ́ nígbà yẹn. Wọ́n pe gbogbo wa sí àgbàlá, wọ́n ní kí ẹni tó se abẹ́rẹ́ náà dìde. Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Ìyá Ràfíátù ló dìde.

"Èmi ni mo wo omi rẹ̀," ló wí. "Mo rò pé ó ti hó. Ojú mi ló tàn mí."

Kò dárúkọ mi. Wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́ níṣojú wa, àwọn kan sì pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló bà mí.

Ní báyìí, ó ń ta kókó, ìyẹn ẹ̀kọ gbígbóná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Sankaryaré. Ohun tó dùn mí jù ni pé ó gbà pé ojú òun ti bàjẹ́ lóòótọ́. Kì í po kókó láìkọ́kọ́ ní kí oníbàárà bá òun wo omi. Wọ́n rò pé àwàdà ni, wọ́n a máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì kò tó mọ́, májọ̀ gbà mí láyè láti máa di egbò. Lọ́sẹ̀ yìí, ó mú ọmọbìnrin kan tó ń nulẹ̀ wá bá mi. Ó ní mo ti mọ iṣẹ́, kí n kọ́ ọ. Ọmọ náà bi mí pé, "Tàntí, ta ló kọ́ ẹ̀yin?" Mo ní kó lọ pọn omi wá.

Ẹ̀yin òǹkàwé tẹ́ ẹ dàgbà jù mí lọ, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á lé èmi náà, èmi ni mo sì ń bọ́ àwọn àbúrò mi. Ẹ̀yin ìyá àwọn ọmọ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Àná ni mo kọ ọ́ dé ibí. Láàárọ̀ yìí, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo gba Sankaryaré kọjá. Ìyá Ràfíátù ti dáná. Ó ṣí ìkòkò.

"Bá mi wò ó, ọmọ mi. Ṣé ó ti hó?"

Mo kúnlẹ̀, mo wo inú rẹ̀.

"Kò tíì hó, Ìyá," ni mo wí. "Ti ọjọ́ yẹn náà kò hó. Ojú yín kò tàn yín. Èmi ni mo purọ́."