Aago Mẹ́jọ Lábẹ́ Gẹdú

Ẹ̀yin ará, ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi. Abẹ́ omi ni mo wà, ojú mi là sílẹ̀, mo sì ń wo gẹdú tó bò mí lórí bí òrùlé. Pé mo dúró níwájú yín láàárọ̀ yìí, Ọlọ́run ló ṣe é, mo dúpẹ́. Ẹ fara dà á tí mo bá ń sinmi díẹ̀díẹ̀. Àyà ṣì ń dùn mí, ó sì ti rẹ̀ mí.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mò ń na ara mọ́tò tó bá ti tẹ̀ ní Muṣin. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n tó bá di ti aago àtijọ́ tí àwọn òmùwẹ̀ ń wọ̀ lọ sísàlẹ̀ òkun, ta ló tó mi ní gbogbo Mainland? Aago tí kò mọ bátìrì! Tí mo bá gbàdúrà àárọ̀ tán, màá wáíndì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, màá gbé wọn sétí, màá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ró. Mẹ́jọ ni wọ́n. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kó wọn jọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo so gbogbo wọn mọ́ ọwọ́ òsì, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, mo lọ kí àbúrò mi kan, Lékan, ní sọ́ọ̀mìlì rẹ̀ lẹ́bàá Makoko. Bó ṣe rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n Múyì! Aago òmùwẹ̀ mẹ́jọ, ẹni tó wọ̀ ọ́ ò lè wẹ̀! Ẹ kàn ń tan ara yín ni, omi á wọ̀ ọ́."

Há! Èmi? Mo bọ́ sórí gẹdú tó léfòó, mo ní kó wá wò ó bí mo ṣe máa ri ọwọ́ bọ omi. Gẹdú yẹn yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo já sínú omi.

Rọ́bà tí wọ́n fi so àwọn aago yẹn ti gbó. Kí n tó mọ̀, ó ti ń já. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún di gbogbo ẹ̀ mú. Àsìkò tó yẹ kí n máa wá ẹ̀mí mi, aago ni mo dì mú! Mo fi orí wá àyè láàárín gẹdú, mo yọ imú, mo tún rì. Ìyá kan tó ń fi ọkọ̀ kó ẹja bọ̀ rí irin aago tó ń kọ mànà lóòrùn, ó na àjẹ̀ sí mi.

"Bàbá, ẹ di àjẹ̀ mú! Ẹ fi nǹkan yẹn sílẹ̀!"

Mi ò fi í sílẹ̀. Mo tún rì. Àdúrà tí mo gbà níbẹ̀ ò gùn: Jésù, gbà mí. Ìka mi bá tú. Èmi kọ́ ni mo tú wọn o, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo mọ ara mi. Mo gbá àjẹ̀ mú. Ojú mi ló rí àwọn aago náà tí wọ́n ń lọ sísàlẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, títí mi ò fi rí wọn mọ́.

Ògo ni fún ẹni tó tú ìka mi. Ara mi ò tíì gba ijó; ẹ bá mi jó o, ẹ bá mi yọ̀. Aago mẹ́jọ ni mo wọ̀ lọ. Méje wà lábẹ́ gẹdú. Ẹ̀kẹjọ ló wà lọ́wọ́ mi yìí, rọ́bà tirẹ̀ nìkan ni kò já. Omi ti wọ̀ ọ́, ó ti dákẹ́.