Ilé Bàbá Wa Ni Wọ́n Fẹ́ Mú Mi Lọ Sinmi Sí

Má fi àga lọ̀ mí, Yáo! Mo ní má fi àga lọ̀ mí! Gbogbo àga tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ yìí, èyí tí o ti rán tán àti èyí tí fóòmù rẹ̀ ṣì wà níta, kò sí èyí tí ìdí mi máa kàn lónìí. Láti àdúgbò wa ní Bẹ̀ ni mo ti gun ọ̀kadà wá, mi ò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀, ìwọ wá ń rẹ́rìn-ín sí mi, o ń bi mí pé, "Dáàví, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ṣé àlàáfíà ni?" Àlàáfíà wo? Èmi Akúvi, ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹni tó pọ̀n ọ́ dàgbà, mo dúró níwájú rẹ, mo ń bi ọ́: ọmọ mélòó ni bàbá wa bí?

Dá mi lóhùn. Mélòó?

Ẹ̀n-ẹ́n. Méjì. O mọ̀ ọ́n kà. Kí ló dé tí o fi sọ fún àwọn tó ra ilé rẹ̀ pé ọ̀kan ni?

Má wò mí bẹ́ẹ̀. Gbé abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀, kó má baà gún ọ, kí o tún ní èmi ni mo fà á. Jẹ́ kí n máa rìn, tí mo bá dúró lójú kan mo máa ké. Mo mọ̀ pé o rò pé mi ò ní gbọ́ láéláé. Mo ti gbọ́!

Ṣé o mọ Délalí ọmọ mi, tó ń ta oògùn? Láti oṣù tó kọjá ló ti ń yọ mí lẹ́nu. "Màmá, láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ẹ ò tíì sinmi. Ẹ jẹ́ ká lọ sórí òkè ní ìparí ọ̀sẹ̀, ọjọ́ méjì péré. Ẹ ò ní dáná, ẹ ò ní fọ abọ́. Ẹ máa sùn, ẹ máa jí, ẹ máa wo òkè." Mo ní kí ni mo fẹ́ wò lára òkè, èmi tí wọ́n bí sórí òkè? Mo ní rárá. Ó bẹ̀ mí títí. Nígbà tó yá, Yáo, mi ò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ mi. Mo ra bàtà tuntun. Mo ra aṣọ òtútù. Mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo ń lọ sinmi, bí ìyàwó mínísítà! Sátidé yìí la ń lọ, ọ̀tunla! Délalí ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, ó ní tí a bá dé Kpalimé a máa jẹ àbólò àti ẹja díndín, lẹ́yìn náà la máa gun òkè Dányì, ilé àlejò kan wà níbẹ̀ tó dákẹ́ rọ́rọ́, ó ti gba yàrá sílẹ̀. Ọmọ náà ò mọ nǹkan kan. Kò dé ibẹ̀ rí. Èmi ni mi ò jẹ́ kó dé ibẹ̀.

Ló bá fi fọ́tò ilé náà ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí.

Mo ń wò ó. Ilé funfun, fèrèsé búlúù, òdòdó níbi gbogbo. Mo ní àwọn èèyàn yìí mà mọ ilé kùn o. Ó wá kan fọ́tò kẹta. Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ni, ipa ẹsẹ̀ ọmọdé kan wà nínú sìmẹ́ńtì rẹ̀. Délalí kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Màmá, ẹ wo ẹsẹ̀ kékeré yìí, ó mà wuyì o!"

Ẹsẹ̀ ta ni, Yáo? Ẹsẹ̀ ta ni ọmọ-ìka rẹ̀ kan gun orí èkejì? Bọ́ bàtà rẹ kí n fi hàn ọ́! Ṣé èmi kọ́ ni mo ń sáré lé ọ lọ́jọ́ yẹn, tí o já mọ́ mi lọ́wọ́, tí o lọ ki ẹsẹ̀ bọ sìmẹ́ńtì tútù, tí bàbá wá na èmi, tí kò na ìwọ? Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́. Ẹ̀yìn mi kò gbàgbé.

Fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú ọbẹ̀ tí mo ń sè. Mo tún wò ó. Àgbàlá tí a ti ń sá kọfí, ṣé o rántí? O ò lè rántí dáadáa, ilé ìwé ni o wà. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Èmi ni mò ń fi ẹsẹ̀ yí kọfí nínú oòrùn láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń bó, torí bàbá ní ẹnì kan ṣoṣo lòun lè rán nílé ìwé, ọkùnrin ló sì máa lọ. Yáo, wọ́n ti to àga gbọọrọ síbẹ̀! Àwọn òyìnbó bọ́ra sílẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ lé e, wọ́n ń sá ara wọn! Ibi tí a ti ń sá kọfí, èèyàn ni wọ́n ń sá síbẹ̀ báyìí! Wọ́n ń sanwó kí oòrùn lè pa wọ́n níbi tí èmi ti ń sunkún pé kí wọ́n jẹ́ kí n kúrò lóòrùn!

Mo ní bóyá ojú mi ló ń tàn mí. Mo pe nọ́ńbà ibẹ̀. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni ilé yìí tẹ́lẹ̀?" Ó ní, "Àgbẹ̀ kan tó ti kú ni, màmá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló tà á fún ọ̀gá wa, ó ti tó ọdún mẹ́fà." Mo ní, "Àwọn ọmọ yòókù ńkọ́?" Ó ní, "Kò ní ọmọ míì, màmá. Ọ̀gbẹ́ni Yáo fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i nínú ìwé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n."

Ọmọ kan ṣoṣo! Máwù Ọlọ́run ń gbọ́! Èmi sì ni mo di fóònù mú, mò ń mí, mò ń gbọ́ pé wọn ò bí mi!

Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè.

O pè mí. Bẹ́ẹ̀ ni, o pè mí, mi ò ní sẹ́. O pè mí lẹ́ẹ̀kíní pé òrùlé ń jò, o pè mí lẹ́ẹ̀kejì pé ikán ti jẹ ilẹ̀kùn, lẹ́ẹ̀kẹta mi ò tiẹ̀ gbé e. Mo ní, "Ṣe é bó o ṣe fẹ́, mi ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé yẹn mọ́ láyé mi." Ẹnu mi ló ti jáde. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ní kí o ṣe é bó o ṣe fẹ́, ṣé pé kó kú lo fẹ́? Mo kórìíra ilé yẹn, kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ìkórìíra tèmi ni, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ni mo fi rà á! Ó yẹ kí o gbé ìwé náà wá bá mi, kí n bú ọ, kí n bú bàbá, kí n wá fọwọ́ sí i. Ǹ bá fọwọ́ sí i, Yáo! Ó lè di ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ǹ bá fọwọ́ sí i. Ìwọ tì mí sínú sàréè kí ìwé lè tètè jáde.

Má sunkún. Mo ní má sunkún! Ẹni tó ń kọjá máa rò pé mo nà ọ́ ni. Èmi ni mo wá sunkún, ṣé o tún fẹ́ gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi?

Kí ni? O máa ń lọ síbo?

Dúró. Dúró ná. Ní gbogbo ọdún Àjíǹde? O máa ń wọkọ̀ lọ, o máa ń sanwó, o máa ń sùn mọ́jú nínú ilé bàbá wa, bí àlejò? Láìsọ fún ẹnikẹ́ni? Yàrá wo ni wọ́n máa ń fún ọ?

Ilé ewúrẹ́!

Háà! Yéè, ikùn mi o! Ilé ewúrẹ́! Wọ́n sọ ilé ewúrẹ́ di yàrá, ọmọ kan ṣoṣo bàbá rẹ̀ wá ń sanwó sùn síbẹ̀! Ṣé ó ṣì ń rùn? Ó ní kò rùn mọ́, wọ́n ti gbé òdòdó sí i! Máwù o, ta ni mo máa sọ fún tó máa gbà mí gbọ́?

Má bá mi rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì dárí jì ọ́, ẹ̀rín ló kàn pa mí.

Gbọ́ mi dáadáa. Sátidé, aago mẹ́fà àárọ̀, o máa wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa. O máa jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, láàárín àwọn àpò, o máa bá wa gun òkè. Tí obìnrin olóhùn tútù yẹn bá jáde wá kí wa, kò sí ẹni tó máa wọlé, kò sí ẹni tó máa sọ ẹrù kalẹ̀, àfi tí o bá kọ́kọ́ dúró níwájú rẹ̀, níṣojú Délalí, kí o sọ fún un pé ọmọ méjì ni àgbẹ̀ yẹn bí. Kí o dárúkọ wọn. Kí o sì ti orí àgbà bẹ̀rẹ̀.