Òróró Tí Mo Rí Lẹ́yìn Táyà

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Mo ti mọ̀ kí n tó dìde lórí àga. Gbogbo Pobè ló mọ̀ pé mo máa ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ti òní yìí, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé iwájú yín, tó sì jẹ́ kí ìyá mi jókòó sí ìlà àkọ́kọ́ yẹn.

Ẹ mọ ọkọ̀ mi, pupa yẹn tí ẹ máa ń sọ pé ó dàgbà jù mí lọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń gbọ̀n. Tó bá ń lọ tààrà, kò sí nǹkan kan. Tí mo bá yà sí ọ̀tún, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àmọ́ tí mo bá ti yà sí òsì báyìí, á gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, fólàn tí mo fi ń darí rẹ̀ á máa jó lọ́wọ́ mi, nǹkan á máa ró kọ́kọ́kọ́ nísàlẹ̀.

Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, kí ni mo ṣe? Ṣé mo lọ bá mẹkaníṣíẹ̀n tó ń tún ọkọ̀ ṣe? Rárá o. Mo gba òróró àdúrà lọ́wọ́ Bàbá Pásítọ̀, mo ń ta á sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láràárọ̀, mo ń lé ẹ̀mí tó ń mi ọkọ̀ mi jáde. Lọ́jọ́ kẹrin, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹ̀yìn táyà iwájú lápá ọ̀tún. Òróró ti bo gbogbo ibẹ̀, ó nípọn, ó ń dán. Mo pe ìyàwó mi pé kó wá wo iṣẹ́ Olúwa, òróró ń pọ̀ sí i.

Ó wò ó. Ó ní, "Kí ló dé tó fi dúdú? Kí ló dé tí àwọn mẹ́ta yòókù gbẹ?"

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ̀ ló ń bá ibẹ̀ jáde. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ó dákẹ́ láìpẹ́.

Ẹ mọ̀ pé ọdún mẹ́rin nìyí tí ojú ìyá mi ti ṣú. Àwọn dókítà ojú máa ń wá sí ọsibítù Sakété, ọjọ́ kan péré lọ́dún. Ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ tí kò dáhùn, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìyá mi kò sì jẹ́ gun sẹ́mì, alùpùpù tó ń gbé èrò, nítorí ó ti gbé wọn ṣubú rí. Bí kì í bá ṣe ọkọ̀ mi, kò sí nǹkan mìíràn.

A gbéra ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó jẹ́ ọjọ́ àwọn dókítà náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ yà sí òsì, ọkọ̀ gbọ̀n.

Ìyá mi ní, "Mísẹ́ẹ̀lì, kí ló ń ṣe ọkọ̀ yìí?"

"Ọ̀nà ni kò dáa, Ìyá."

"Gúdúrọ̀n ni mo gbọ́ lábẹ́ wa, ọ̀nà ọ̀dà tó tẹ́jú. Ojú ló ṣú mi, kì í ṣe etí."

Níbi kọ́nà kejì, kamíọ̀n akẹ́rù kan ń bọ̀ níwájú wa. Mo yà, fólàn gbọ̀n títí ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ọkọ̀ wọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ kamíọ̀n náà. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi báyìí. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́ fìlà kúrò lórí mi. Ìyá mi di ìlẹ̀kùn mú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ fún Ọlọ́run. Ọjọ́ yẹn ni mo bi Í léèrè. Mo ní, "Olúwa, mi ò mọ ohun tó ń ṣe é. Fi hàn mí."

A wọ Sakété. Mo yà sí òsì, ariwo náà le débi pé àwọn ewúrẹ́ sá. Ọkùnrin kan dìde lẹ́bàá ọ̀nà, ó na ọwọ́ sókè. "Ọ̀gá, ẹ dúró. Ẹ má yà mọ́."

Mẹkaníṣíẹ̀n ni, mùsùlùmí kan láti Ìlaròó, wọ́n ń pè é ní Bàbá Rìsí. Ó ní, "Òsì lẹ yà sí, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń ké." Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn táyà, ọwọ́ náà jáde ní dúdú. "Ẹ ò rí èyí látọjọ́ yìí?"

"Mo rí i. Òróró àdúrà ni."

Ó wò mí, ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá, gíríísì ni. Rọ́bà tó bo oríkèé kadáànì yín, irin tó ń yí táyà, ló ti ya, gbogbo gíríísì rẹ̀ ti fọ́n síta, irin wá ń jẹ irin. Kọ́nà méjì sí i, ì bá já. Òróró tiyín ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ rí tèmi."

Ṣé ó ní kadáànì? Kò ní. Àmọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òkú ọkọ̀ kan wà nínú koríko, irú tèmi gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú kadáànì rẹ̀. Bọ́ọ̀tì kan kọ̀, kò tú. Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń béèrè aago, mo ń pa irọ́ aago fún wọn.

Wọ́n ní, "Oòrùn ti kúrò léjìká mi, aago mẹ́sàn-án lo ṣì ń pè."

Nígbà tó tú u, tó sì fi í sí tèmi tán, ó ní kí n yà sí òsì níwájú òun. Mo yà. Ọkọ̀ dákẹ́. Mi ò dúró gbọ́ àdúrà tó ń gbà tẹ̀lé wa.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, nọ́ọ̀sì ti pe orúkọ ìyá mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti gbé bíírò lé e láti pa á rẹ́. Ìyá mi ló gbọ́ orúkọ náà kí n tó gbọ́ ọ. Wọ́n ké láti ibi géètì, "Èmi rèé o, ọmọ mi, má pa mí rẹ́."

Àwọn dókítà ṣe ojú wọn kan, wọ́n fi báńdéèjì dì í.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tú u. Ìyá mi wo nọ́ọ̀sì. Wọ́n wo fèrèsé. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n wò mí pẹ́.

Wọ́n ní, "Ta ni bàbá arúgbó yìí?"

Mo ní, "Èmi ni, Ìyá. Mísẹ́ẹ̀lì ni."

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ kan orí mi. "Irun rẹ dà?"

Ti Ọlọ́run ni ògo. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀, kí ìyá mi lè rí bí ẹ̀yin náà ti gbó tó.