Ọwọ́ Òsì Wà Nílé

Nínú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ ní tésàn rélùwéè ní Ọ̀fà, bàbá àgbàlagbà kan bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé dùùrù lé itan sọ̀rọ̀.

"Ṣé o máa ń kọ́ èèyàn ní dùùrù nílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Daddy. Ṣé ọmọ-ọmọ yín ló fẹ́ kọ́ ọ ni?"

"Èmi ni."

"Kò burú, sà. Ọwọ́ ọ̀tún la ó fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti mọ́ yín lára, a ó wá kó òsì mọ́ ọn."

"Ọ̀tún nìkan ni kí o kọ́ mi. Ọwọ́ òsì wà nílé."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fi ọmọ sílẹ̀ kó máa ṣọ́lé.

"Kò yé mi, sà."

"Ìyàwó mi ló ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú un lápá ọ̀tún. Ó ṣì ń fi òsì tẹ̀ ẹ́ nílé. Orin náà kì í pé."

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, sà."

"Sátidé jìnnà. Láàárọ̀ yìí, ìka méjì lọ́wọ́ òsì náà kò dìde mọ́."