Eérú Tí Mo Bù Láàárọ̀ Kérésìmesì

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbani nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, mo sì ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin báyìí. Ọkọ mi kò gbọ́ ọ rí. Bí kì í bá ṣe ti ìdána tó ń bọ̀ nínú ẹbí wa ní Kérésìmesì yìí ni, mo lè gbé e wọ sàréè.

Ọmọ Òṣogbo ni mí. Mùsùlùmí ni bàbá mi, ṣùgbọ́n ọmọ Iléṣà ni ìyá mi, onígbàgbọ́ ni àwọn ẹbí rẹ̀. Aró ni ìyá mi ń rẹ. Ní Kérésìmesì àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira, bàbá mi gbà kí n lọ ṣọdún lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìyá ìyá mi, ní abà kòkó wọn lẹ́yìn Iléṣà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti Délé, ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò. Ilé onímọ̀ọ̀pẹ tí bàbá àgbà kọ́ kó tó kú ni gbogbo wa ń sùn.

Ìyàwó yìí fẹ́ràn mi. Kò pe orúkọ mi rí, torí wọ́n ti bí mi kó tó wọlé ọkọ. Adúmáadán ló ń pè mí.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọdún pé, ìyá àgbà kó èèpo kòkó jọ, ó sun ún, kó lè fi eérú rẹ̀ se ọṣẹ. Ó kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bù ú títí yóò fi tutù dénú, nítorí eérú èèpo kòkó a máa fi iná pamọ́. Bẹ́ẹ̀, kò sí eérú tí ìyá mi fẹ́ràn fún aró tó o. Mo fẹ́ mú un lọ fún un, ọjọ́ kejì ọdún ni mo sì ń padà sílé. Mo mọ̀ pé bí mo bá tọrọ, wọ́n á ní kí n dúró. Ojúkòkòrò ni, mi ò ní fi bò.

Láàárọ̀ Kérésìmesì, nígbà tí wọ́n ń wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo bu eérú náà kún ògbólógbòó agbọ̀n kan. Mo fọwọ́ kàn án lókè, ó tutù. Mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilé, lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ tó rọ̀ wálẹ̀ láti orí òrùlé. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́.

Ìyàwó ló jáde kẹ́yìn, nítorí òun ló se ìrẹsì ọdún. Mo dúró dè é. Ojú mi méjèèjì ló ṣe pa iná ìdáná. Ó da omi sínú ààrò, ó fi igi tú u wò, ó tún da omi mìíràn sí i.

Ìsìn kò tíì parí tí ariwo fi sọ pé iná ń jó ní abà wa. Ká tó débẹ̀, ògiri nìkan ló kù. Kòkó tí wọ́n ti sá gbẹ, aṣọ bàbá àgbà, gbogbo rẹ̀ ló jóná. Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti gèlè ọdún lórí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kọjú sí ìyàwó rẹ̀. Ó ní, “Uná tí o fi sílẹ̀ ló jó ulé bàbá mi.”

“Mo pa á. Ẹ bi Adúmáadán, ó wà níbẹ̀.”

Gbogbo wọn wò mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ó pa á, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá iná mìíràn, wọ́n á sì dé ẹ̀yìn ilé. Mo ní, “Mi ò rí i.”

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ni mí, ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n ọmọdé tó mọ irú irọ́ yẹn pa, ṣé ọmọdé náà ni?

Wọ́n lé ìyàwó náà lọ kí ọdún tuntun tó wọlé. Wọ́n gba Délé lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá àgbà ló tọ́ ọ. Ohun tí ọmọ náà ń gbọ́ títí ó fi dàgbà ni pé ìyá rẹ̀ sun ilé baba wọn níná.

Délé ti di mẹkáníìkì ní Òkè Fìà báyìí, ó fẹ́ gbéyàwó. Ó ní ìyá òun kò gbọdọ̀ dé ibi ìdána, ìyàwó tí bàbá òun fẹ́ lẹ́yìn ni yóò jókòó sípò ìyá. Èmi ni wọ́n rán pé kí n lọ sọ fún ìyá rẹ̀ ní Ìdó-Ọ̀ṣun níbi tó ń gbé, torí èmi nìkan ni mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́ wò.

Mo lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti pinnu pé màá jẹ́wọ́ kí n tó jíṣẹ́. Àfi bó ṣe rí mi tó kúnlẹ̀ kí mi, bí ìyàwó ilé, lẹ́yìn gbogbo ohun tí a fi ojú rẹ̀ rí. Ọkàn mi dà rú. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìkan ni mo jẹ́.

Kò sunkún. Ó ní, “Délé jàre. Tẹ́lẹ̀, mo lè fi Bíbélì búra pé mo pa iná yẹn. Mo ti rò ó títí, kò dá mi lójú mọ́. Bí mo bá pa á ni, ẹ̀yin ì bá rí i, Adúmáadán. Ẹ̀yin kì í purọ́.”

Mo wọ mọ́tò padà sí Òṣogbo.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti ń súnmọ́ ogún ọdún. Bí mo bá sọ ọ́, Délé lè má wo ojú mi mọ́ láé, ọkọ mi á sì mọ irú ẹni tó fẹ́. Bí mi ò bá sọ ọ́, obìnrin yìí yóò kú pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi dá, tí òun fúnra rẹ̀ ti gbà pé òun dá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, ẹ sì tètè dá mi lóhùn kí ìdána ó tó kò. Màá sọ ọ́. Ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún, ìyá ni àbí ọmọ?